Bí Ọdẹ́jìmí Ṣe Fi Irin Búra Nítorí Ojú Gémù

Ẹ dákẹ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀, nítorí n kò ní í fi ohùn mi ṣòfò lórí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀. Ẹni tí oorun bá ń kùn, kó máa lọ sílé. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹ̀pà, kó jẹ ẹ́ tán báyìí, nítorí ariwo èèpo ẹ̀pà a máa ba ìtàn jẹ́.

Ìtàn tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe tèmi. Ti ọ̀gá mi ni, Ọdẹ́jìmí, ọkùnrin tó kọ́ mi bí a ṣe ń tọ ipasẹ̀ ẹran lórí àpáta. Èmi náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Mo ti fi ọwọ́ kan di ìrù ẹfọ̀n mú rí, mo fi ọwọ́ kejì nu òógùn ojú mi, ẹfọ̀n náà sì dúró títí mo fi nu ún tán. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú Ọdẹ́jìmí rí nítorí àbúrò rẹ̀, bó bá jẹ́ èmi ni, mo ti padà sílé kí n tó wọ igbó rárá.

Àbúrò náà ń jẹ́ Akínkúnmi. Ìyá wọn kú nígbà tí kò tíì mọ ìrìn. Ẹ̀yìn Ọdẹ́jìmí ló gùn lọ sóko, ọwọ́ Ọdẹ́jìmí ló ti jẹ ẹran àkọ́kọ́. Nígbà tó dàgbà, ó kọ iṣẹ́ ọdẹ, ó ní ẹ̀fọn ń jẹ òun, ó sì lọ kọ́ iṣẹ́ onígbàjámọ̀. Ẹ̀yin náà mọ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀: ẹni tí wọ́n ń fá lórí níbẹ̀ kì í tó ẹni tó ń jiyàn. Gémù ni wọ́n ń fi jiyàn ní tirẹ̀, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí ènìyàn ń gbé sí àtẹ́lẹwọ́, tó ń fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ̀, tí àwọn ènìyàn wínníwínní ń sáré tí wọ́n ń jà lójú rẹ̀. Gémù ta ni ojú rẹ̀ mọ́ jù? Ti ta ni àwọ̀ rẹ̀ jinlẹ̀ jù? Akínkúnmi ló máa ń dá ẹjọ́ náà, ó sì ti mọ́ ọn lára pé bí òun bá ti sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ parí.

Àwọn olóyè Àwòdúró, ìlú àwọn iwin tó wà ní ìkángun igbó, ránṣẹ́ sí i pé kó wá fá orí fún àwọn de ọdún. Ó kó abẹ rẹ̀, ó lọ. Ó fá ti àdúgbò Ọ̀tún, ó wá kàn ti àdúgbò Òsì. Olóyè kan tó ń fá lórí gbé gémù sórí itan, ó ń ta á. Akínkúnmi wò ó láti ẹ̀yìn èjìká, ó ní, “Bàbá, ẹ wá òmíràn rà. Èyí dà bí ẹni pé wọ́n fi ẹ̀kọ tútù pa á lójú.”

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Olóyè náà dìde pẹ̀lú ààbọ̀ orí, ó ké sí àwọn ẹ̀ṣọ́.

Iwin ẹlẹ́sẹ̀ kan ni wọ́n rán sí Ọdẹ́jìmí. Ó bá a nídìí pàkúté rẹ̀.

“Ìwọ ni ẹ̀gbọ́n onígbàjámọ̀?”

“Èmi ni.”

“O ò jọ ọ́. Òun ń túnra ṣe.”

“Kí ló ṣe é?”

“Kò tíì sí ohun tó ṣe é. Ní ọjọ́ ọdún, tí oòrùn bá kan àtàrí, wọn yóò yọ ojú rẹ̀ méjèèjì, nítorí ojú náà parọ́ mọ́ ojú gémù Òsì. Àfi kí ìbátan rẹ̀ wá fi irin búra níwájú ìlú pé ojú gémù Òsì mọ́ ju ti Ọ̀tún lọ, pé irọ́ ni àbúrò òun pa. O ní ìbátan mìíràn tó lè wá?”

“Kò sí.”

“Ìwọ náà ni, nígbà náà. Má pẹ́.”

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọdẹ lè rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín lẹ́ẹ̀kan, n kò ní í tún un sọ. Irin ni ọdẹ fi ń jẹun. Bí ọdẹ bá fi eyín kan irin, tó sì parọ́, ìbọn rẹ̀ yóò fọ́ mọ́ ọn lójú, tàbí kí àdá rẹ̀ yí padà sí i lẹ́sẹ̀ níbi tí kò ti sí ẹni tí yóò gbọ́ igbe rẹ̀. Bí Ọdẹ́jìmí bá búra irọ́, ó kú. Bí kò bá búra, àbúrò rẹ̀ fọ́jú. Ó mọ èyí kó tó gbé ẹsẹ̀ kan, síbẹ̀ ó gbé e.

Ní àtiwọ igbó, ó bá ọkùnrin kan tó jókòó lórí ọ̀gán, tó dí ọ̀nà. Dúdú-Ju-Dúdú ni wọ́n ń pè é. Ó kó èédú, ìdí ìkòkò, ìyẹ́ kannakánná àti òkú ọ̀ká síwájú, ó ń gbé wọn yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó ní, “Àwọn ará Àwòdúró máa ń gba ibí kọjá. Àwọn kan ní dúdú tó wà lójú gémù àwọn ni dúdú gidi, pé eérú ni ti àwọn yòókù. Wọ́n ti fi iyàn wọn gba oorun lójú mi. Sọ fún mi, dúdú wo ló dúdú jù? Bí o bá ṣì í, n ó sun ọ́ di èédú, n ó fi ọ́ kún èyí tó wà nílẹ̀.”

Ọdẹ́jìmí wo gbogbo wọn. Kò sí èyí tí yóò mú nínú wọn tí ẹni náà kò ní í mú òmíràn kò ó lójú. Ó ní, “Èyí tó dúdú jù kò sí níbẹ̀. Ẹ̀yìn ìpéǹpéjú rẹ ló wà. Pa ojú dé kí o wò ó dáadáa.”

Dúdú-Ju-Dúdú pa ojú dé. Ó ní, “Òótọ́ ni o. Dúró ná, ó tún ń jinlẹ̀ sí i.” Kó tó sọ bẹ́ẹ̀ tán, Ọdẹ́jìmí ti fo òkú ọ̀ká kọjá. Bí ẹnikẹ́ni kò bá jí ọkùnrin náà, ó ṣì ń wò ó títí di òní.

Ẹ má rẹ́rìn-ín púpọ̀. Ibi tó kàn kò pani lẹ́rìn-ín.

Abúlé kan ni, àwọn ará ibẹ̀ sì jókòó yí gémù kan ṣoṣo ká. Koríko ti hù lẹ́yìn wọn, ọrùn wọn ti gan ní títẹ̀. Ẹ̀kán ìmọ́lẹ̀ wínníwínní ni àwòrán ojú gémù, bí ìgbà tí òjò ṣẹ́ sára ewé, àwọn wọ̀nyí sì ń ka ẹ̀kán náà, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó pọ̀ ju ti ìlú mìíràn lọ. Bí wọ́n bá kà á jìnnà, ẹnì kan á wúkọ́, òmíràn á ní wọ́n ti ka ẹ̀kán kan lẹ́ẹ̀mejì, ìjà á bẹ̀rẹ̀, wọn á sì tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ti kú lórí ìjókòó. Wọ́n ń bá a jiyàn síbẹ̀, wọ́n sì ń bá a dáhùn.

“Jókòó,” ni wọ́n wí fún Ọdẹ́jìmí. “Ojú rẹ ríran. Bá wa kà á.”

Ọwọ́ wọn lẹ̀ mọ́ ọn bí àtè. Wọ́n mú àpò rẹ̀, wọ́n mú ìbọn rẹ̀, wọ́n mú un lọ́rùn ẹsẹ̀. Ó bẹ̀ wọ́n. Ó ní àbúrò òun wà lọ́wọ́ ikú. Wọ́n ní àbúrò tàwọn náà wà níbẹ̀, wọ́n sì nawọ́ sí òkú náà. Ó jà títí agbára rẹ̀ fi tán, ó rí i pé koríko ti bẹ̀rẹ̀ sí í hù lórí bàtà òun. Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ń sunkún, a máa ríran. Ó rí iyanrìn nílẹ̀, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó dà á sójú gémù náà.

Gbogbo wọn kígbe lẹ́ẹ̀kan náà pé ẹ̀kán ti pọ̀ sí i. Wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka iyanrìn. Ó sá lọ, ṣùgbọ́n ìbọn, àpò, oògùn, gbogbo rẹ̀ ló ṣẹ́kù sọ́wọ́ wọn. Àdá ìdí rẹ̀ nìkan ló gbé wọ Àwòdúró, ìrọ̀lẹ́ ọdún ku ọ̀la ni.

Ọ̀nà kan ló la ìlú náà já. Ọ̀tún wà lápá kan, Òsì wà lápá kejì, sàréè ló sì tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nítorí ojú gémù ni àwọn tó wà nínú wọn ṣe kú. Ọ̀tún ní tàwọn ló mọ́, Òsì ní tàwọn ló ń tu ojú lára, wọ́n ti fi igi jà á, wọ́n ti fi idà jà á. Ọmọ tuntun ibẹ̀ kì í tíì mọ orúkọ bàbá rẹ̀ tí yóò ti mọ ojú gémù tí yóò kú fún.

Wọ́n mú un lọ bá Akínkúnmi nídìí òpó tí wọ́n dè é mọ́.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ pẹ́.”

“Ṣé wọ́n lù ọ́?”

“Wọn ò lù mí. Orí àwọn yòókù ni wọ́n ní kí n fá tán kí wọ́n tó dè mí. Wọn ò sì fún mi lómi.”

“Akínkúnmi, bẹ̀ wọ́n. Sọ pé ojú rẹ ló tàn ọ́.”

“Mo gbìyànjú ẹ̀. Mo la ẹnu, irọ́ náà ò jáde. Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà ẹ lọ wò ó. Ẹ̀kọ ni.”

“Ojú rẹ ni wọ́n fẹ́ yọ.”

“Mo mọ̀. Ojú náà ló sì rí i pé kò dáa.” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà sì dá lẹ́nu rẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi, onígbàjámọ̀ afọ́jú. Ta ló máa gbé orí fún un?”

Ọdẹ́jìmí lọ bá olórí àdúgbò Òsì, arúgbó obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ìgè. Ó ní òun kò lè fi irin búra lórí ohun tí òun kò fọwọ́ kàn, kí wọ́n fi gémù náà han òun.

Nígbà tó wọ inú ilé, ó jókòó, àga sì dún lábẹ́ rẹ̀ wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀. Ó wo ilẹ̀. Ọ̀rá ni wọ́n fi bo àga, ọ̀rá tí wọ́n fi dì í wá láti ibi tí wọ́n ti rà á. Ọ̀rá wà lára fìtílà, ọ̀rá wà lára aago ara ògiri. Bí ilé Òsì gbogbo ṣe rí nìyẹn. Àṣà wọn ni. Wọ́n ní ohun tí ènìyàn bá ṣí ọ̀rá rẹ̀ ti di tòkunbọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, pé ọmọ oko nìkan ló ń bọ́ aṣọ lára ohun tuntun.

Ìyá Ìgè gbé gémù kan lé e lọ́wọ́. Àbúrò rẹ̀ kò purọ́. Pupa ibẹ̀ dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò epo, dúdú ibẹ̀ dà bí èéfín. Ọkàn rẹ̀ bà jẹ́. Ó ń fi àtàǹpàkò pa ojú rẹ̀ bí ẹni pé yóò mọ́ bó bá pa á. Ọwọ́ tó ti bó awọ ẹran láìmọye ìgbà mọ ibi tí awọ ti lẹ̀ mọ́ ẹran àti ibi tí kò ti lẹ̀. Àtàǹpàkò rẹ̀ dé etí kan, ó dúró. Nǹkan kan wà níbẹ̀ tó fẹ́lẹ́ bí èèpo ara àlùbọ́sà. Ó fi èékánná tọ́ ọ.

Ìyá Ìgè di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Má ṣí i.”

Ọdẹ́jìmí wo ojú rẹ̀. “Ìyá, ẹ ti mọ̀.”

Arúgbó náà ní, “Ọjọ́ tí wọ́n gbé òkú Ìgè ọmọ mi wálé láti ojú ogun, mo gbé gémù yìí lọ́wọ́ bí o ṣe gbé e yìí. Èékánná mi kọ́ ọ. Mo ṣí i díẹ̀, mo rí i. Bákan náà ni pẹ̀lú ti Ọ̀tún. Oníṣòwò kan náà ló tà á fún wa, nínú ẹrù kan náà. Mo tẹ̀ ẹ́ padà. Kí ni mo fẹ́ wí? Pé ọ̀rá ni ọmọ mi kú fún? Mo ní kí n sin ín ná. Kí n tó sin ín tán, Àjàyí àbúrò rẹ̀ ti mú idà, ó ti lọ gbẹ̀san.”

“Àjàyí ńkọ́?”

“Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wà.”

“Ìyá, àbúrò tèmi ṣì wà láàyè.”

“Mo mọ̀. Òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà. Bí o bá sọ ọ́ lọ́la, àwọn ìyá tó wà ní àdúgbò yìí yóò fà ọ́ ya kí o tó pa ẹnu dé. Bí o bá dárúkọ mi, èmi ni wọn yóò kọ́kọ́ fà ya.” Ó gba gémù náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sún mọ́ fèrèsé. “Wo ibí. Àtàǹpàkò Ìgè nìyí, lórí ọ̀rá. Ti Àjàyí ló wà lápá kejì. Òógùn ọwọ́ wọn ni. N kì í nù ún. Bí mo bá ṣí i, kí ló kù fún mi?”

Ọdẹ́jìmí dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó bẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń bẹ ikú. Ó ní òun ló gbé ọmọ náà pọ̀n. Ìyá Ìgè ní, “Ṣèlérí pé o ò ní í dárúkọ mi.” Ọdẹ́jìmí ṣèlérí, nítorí kò sí ohun mìíràn tó lè ṣe. Ó jáde gẹ́gẹ́ bó ti wọlé.

Lọ́jọ́ kejì, oòrùn kan àtàrí. Ọ̀tún dúró lápá tiwọn, Òsì dúró lápá tiwọn, Ìyá Ìgè jókòó níwájú àwọn ènìyàn rẹ̀, gémù wà lórí itan rẹ̀. Ọkùnrin tó ń yọ ojú ti ń fi omi gbígbóná fọ ṣíbí irin rẹ̀. Wọ́n so Akínkúnmi mọ́ àga, orí rẹ̀ gbé sókè, ó ń ṣẹ́jú sí oòrùn. Ọdẹ́jìmí rí i pé kò fẹ́ pa ojú dé, pé ó ń wo nǹkan gbogbo: igi, òrùlé, ẹyẹ kan tó ń kọjá.

Olóyè tí orí rẹ̀ kù ní ààbọ̀ ní, “Ọdẹ, búra.”

Ọdẹ́jìmí yọ àdá. Ó fi eyín kan ojú irin.

“Irin, gbọ́. Ojú gémù Òsì tí wọ́n ní kí n búra lé lórí, n kò tíì rí i rí.”

Ìlú kùn. Olóyè ní, “Ìrọ̀lẹ́ àná ni wọ́n gbé e lé ọ lọ́wọ́.”

“Wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. N kò rí ojú rẹ̀. Àbúrò mi tí ẹ dè síbẹ̀ kò rí i rí. Gbogbo ẹ̀yin Òsì tí ẹ dúró níbí, ẹ kò rí i rí.” Irin wà lẹ́nu rẹ̀, kò sì lè fi irọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. “Àfi ẹnì kan. Bí mo bá parọ́, kí irin yìí jẹ mí níbi tí mo dúró sí.”

Wọ́n dúró kí irin jẹ ẹ́. Irin kò jẹ ẹ́.

“Ta ni ẹni náà?”

“N kò ní í sọ.”

“Sọ ọ́, tàbí kí ojú méjì di mẹ́rin.”

“Ẹ yọ ọ́,” ni Ọdẹ́jìmí wí. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbúrò rẹ̀, ó gbé orí sókè bí i tirẹ̀. Akínkúnmi ń wí lábẹ́ èémí pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ta ló máa mú wa délé?” Ọkùnrin oníṣíbí náà tẹ̀ sí wọn. Ọdẹ́jìmí gbọ́ ooru irin náà ní ìpéǹpéjú.

“Èmi ni,” ni Ìyá Ìgè wí.

Ó ti dìde. Kò tún sọ nǹkan mìíràn. Ó wá etí gémù náà pẹ̀lú èékánná, ó sì bó ọ̀rá náà díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ń ṣí aṣọ lójú egbò. Gbogbo ìlú gbọ́ ìró rẹ̀. Ó yí ojú gémù sí wọn. Pupa ibẹ̀ pọ́n bí epo tuntun. Dúdú ibẹ̀ dúdú bí isà òkú. Ẹnì kan láti Ọ̀tún gbé tirẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wò ó, ó tún un wò, ó sì rọra gbé ọwọ́ wálẹ̀. Bí ọ̀bọ ṣe ṣorí ni ìnàkí ṣe ṣe.

Kò sí ẹni tó fa Ìyá Ìgè ya. Wọ́n yíjú sí ọ̀nà tó la ìlú já, sí àwọn sàréè tó tò lọ bẹẹrẹ, obìnrin kan sì jókòó sílẹ̀ yẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀. Ẹnì kan tú okùn lọ́wọ́ Akínkúnmi. Ojú rẹ̀ kò purọ́ mọ́ ohunkóhun, ọ̀rá ló rí, ọ̀rá ló sì bú.

Ìdákẹ́jẹ́ náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Ọdẹ́jìmí fi rò pé ogun ti tán ní Àwòdúró. Nígbà náà ni ọkùnrin kan láti Ọ̀tún wúkọ́, ó ní, “Ṣùgbọ́n ohùn tiwa rinlẹ̀ jù.”

“Ohùn wo?” ni ará Òsì kan wí.

“Ohùn gémù. Tiyín ń dún bí agolo.”

“Bàbá ẹ ló ń dún bí agolo.”

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Akínkúnmi yí orí padà, ó ya ẹnu, ó fẹ́ dá ẹjọ́ náà fún wọn. Ọdẹ́jìmí fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó lẹ́nu, ó fi ọwọ́ kejì fà á lọ, kò sì gbé ọwọ́ náà kúrò títí wọ́n fi kọjá ilé tó kẹ́yìn.

Ó wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan péré, ohun tó rí ni òpin ohun tó sọ fún mi. Àwọn ènìyàn ti ń mú igi láàárín ọ̀nà. Ìyá Ìgè dúró láàárín wọn, ó gbé ọ̀rá náà sókè sí oòrùn, ó ń wá ojú àtàǹpàkò àwọn ọmọ rẹ̀ lórí rẹ̀. Ó rí i. Ó gbé àtàǹpàkò tirẹ̀ sún mọ́ ọn bí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kàn án, ó sì dá a dúró níbẹ̀, kí tirẹ̀ má baà pa tọmọ rẹ́.